Ohun Tó Wà Lọ́wọ́ Ìyàwó Tíṣà

Tíṣà fi ìka dí etí kan, ó pariwo sínú ẹ̀rọ rédíò rẹ̀: "Ará Japan, ṣé ẹ gbọ́ mi? Òkè-Ìmẹ̀sí, ìpínlẹ̀ Èkìtì nìyí o!"

Ìdíje àwọn olólùfẹ́ rédíò, níbi tí ẹni tó bá bá àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀ jù ti ń borí, ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bó bá bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ sí i, ó ti borí ará Ìbàdàn tó máa ń fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n òfin le: onídìíje gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Láàárọ̀, ìyàwó rẹ̀ fi rédíò kékeré tirẹ̀ bá a wá ará Brazil kan. Inú bí Tíṣà, kò dá ará Brazil náà lóhùn.

"Bàbá Bọ́látitó!" Ìyàwó rẹ̀ ló ń ké láti ẹ̀yìnkùlé. "Ẹ tètè jáde wá!"

"O tún ti dé! Mo ní mi ò fẹ́ ìrànlọ́wọ́!"

"Ẹ gbọ́ ná, ọwọ́ mi..."

"Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, jù ú sílẹ̀! Ọ̀tá ilé!"

"Ṣé kí n jù ú sílẹ̀?"

"Jù ú sílẹ̀, mo ní!"

Gbìì! Ohùn ará Japan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá a lóhùn já.

Tíṣà sáré jáde. Ọ̀pá ọparun tó gbé wáyà ẹ̀rọ rẹ̀ dúró ti nà gbalaja sórí ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Awọ ti bó ní àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀ méjèèjì.

"Atẹ́gùn já okùn rẹ̀, mo fi ọwọ́ dì í mú. Ẹ ní kí n jù ú sílẹ̀. Ó ti wà nílẹ̀ yẹn."

Tíṣà ki ọwọ́ bọ àpò. Bátìrì tó yọ kúrò nínú rédíò kékeré ìyàwó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, níbi tó kó o sí láti àárọ̀.