Agbádá Tí Kò Lẹ́yìn

Láràárọ̀, ara ògiri tó ń gbé àwòrán àti ohùn èèyàn wá láti ọ̀nà jíjìn ni Akínkúnmi ti ń kí àwọn òbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Pátá nìkan ló máa ń wọ̀; ẹ̀rọ ló ń fi ìmọ́lẹ̀ ya agbádá sí i lára. Lónìí, gbogbo ẹbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé sórí ògiri láti gba ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Fadérera, tó kọ́ ìmọ̀ àwòrán kọ̀ǹpútà, kígbe láti yàrá kejì: "Iwájú nìkan ni ẹ̀rọ yẹn ń yà o! Wá kọ́ ìdí ọ̀rọ̀, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an, kí o lè ya ẹ̀yìn kún un."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo fẹ́ fi ìdí ọ̀rọ̀ ṣe? Bọ́tìnnì ti tó."

Ó tẹ bọ́tìnnì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Agbádá ò lẹ́yìn. Pátá tó ti ya nídìí ló wà níta gbangba.

Lórí ògiri, gbogbo ẹbí fọwọ́ bojú.

"Dìde, ọmọ wa," ni ìyá ìyàwó wí. "A ti rí ìdí ọ̀rọ̀."