Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Oṣù Méjì Sẹ́yìn

Ìyá Kọ́kọ́rọ́, tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àwọn ọkọ̀ agbẹ́rù ní ilé ẹrù, rí ìwé rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì Ọ̀gá. Wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n fi tì í kí tábìlì má baà máa mì. Ó dá a mọ̀ torí bírò pupa tó fi fàlà sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́: awakọ̀ fọ́kílíìfù kankan ò gbọdọ̀ nawọ́ sáàárín òpó irin tó ń gbẹ́rù sókè.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kọ ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Ó kọ ọ̀dà yẹ́lò tí wọn ó fi fàlà síbi tí ẹlẹ́sẹ̀ á máa gbà nínú ilé ẹrù. Ó kọ dígí tí wọn ó gbé kọ́ sí kọ̀rọ̀, ó kọ bẹ́líìtì, ó kọ fèrè tó ti dákẹ́ látọdún tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni Ọ̀gá ní, "Ó di oṣù tó ń bọ̀."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni ọ̀rá há sáàárín òpó náà. Jẹ́jẹ́, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀, nawọ́ láti fà á yọ, irin já wálẹ̀. Ọwọ́ tó fi ń jẹun ni wọ́n gé ní ọsibítù.

Aláàárù ni Jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí awakọ̀ kan ò wá síṣẹ́, Ọ̀gá ní kí wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́, kó máa wo ọwọ́ àwọn yòókù. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ló fún un. Láti ọjọ́ yẹn, láràárọ̀ ló ń dúró lójú fèrèsé rẹ̀, tó ń kọ aago, tó ń sáìn sínú ìwé kọ́kọ́rọ́ kó tó gba kọ́kọ́rọ́, tí sáìn rẹ̀ á gba odidi ìlà méjì. Obìnrin náà á ní, "Ṣé o fẹ́ ra ìwé mi ni?"

Ọ̀gá ní, "Ẹ jókòó, Ìyá Kọ́kọ́rọ́."

"Ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn, sà."

"Àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ nítorí ọwọ́ Jẹ́jẹ́. Mo fẹ́ ìwé tó fi hàn pé gbogbo awakọ̀ ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Kí déètì rẹ̀ jẹ́ oṣù méjì sẹ́yìn."

"Èyí tí a ò ṣe?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà kọ ètò rẹ̀."

"Ẹ̀yin náà lẹ fi ń ti tábìlì." Ó nàka sí ẹsẹ̀ tábìlì. "Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ti kọ́ Jẹ́jẹ́, á jẹ́ pé ẹ̀bi ẹ̀ ni. Ẹ máa lé e lọ pẹ̀lú ọwọ́ kan."

Ọ̀gá na ẹsẹ̀. "Ẹ kọ́ wọn, ẹ ò kọ́ wọn, kí ló yàtọ̀? Àwọn tí ò mọ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Tẹ́ ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kí n wá ẹlòmíì."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wo tábìlì, ó wo ẹsẹ̀ tábìlì.

"Mo máa ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù máa gba ẹ̀kọ́ gidi. Ọjọ́ mẹ́ta."

"Ààbọ̀ ọjọ́."

"Ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ ra ọ̀dà."

"Ọjọ́ kan. Ẹ tún fẹ́ ọ̀dà? Ó dáa, mo gbà. Ẹ ti já mi sí ìhòòhò."

"Ó ku ẹyọ kan. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ déètì. Ọjọ́ tí gbogbo wọn wá síṣẹ́ ni kẹ́ ẹ mú."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́, ó sáìn sísàlẹ̀.

Àwọn awakọ̀ márùn-ún yòókù sáìn lójú fèrèsé. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ju bírò sílẹ̀ bí ẹni pé ó gbóná. "Ìyá Kọ́kọ́rọ́, mo rò pé èèyàn ni yín."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ mú ìwé náà àti páàdì íǹkì, ó gba ọsibítù lọ.

Ìyàwó Jẹ́jẹ́ ń fi ṣíbí bọ́ ọkọ rẹ̀ nígbà tí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wọlé. Ìyàwó náà rí íǹkì, ó ka orí ìwé, ó dìde.

"Ẹ ṣèyí tán? Ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún, ẹ tún wá gba àtàǹpàkò tó ṣẹ́ kù? Ẹ ò tiẹ̀ tijú! Ọ̀gá yín ò wá kí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, íǹkì ló fi ránṣẹ́!"

"Ìyàwó mi, jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ má pè mí níyàwó yín!"

Jẹ́jẹ́ ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wo déètì pẹ́. Ó wá wo ojú Ìyá Kọ́kọ́rọ́.

"Ọwọ́ Ọ̀gá nìyí?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni."

"Ìwé kọ́kọ́rọ́ ń kọ́, ìyá wa?"

"Ó wà níbi tó ń wà."

Jẹ́jẹ́ ki àtàǹpàkò bọ íǹkì, ó tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ó di í mú títí àlejò fi jáde.

Ní Ọjọ́bọ̀, aṣàyẹ̀wò dé, obìnrin onígíláàsì ojú tí kò gba omi, tí kò gba àga. Ọ̀gá ti wo ìwé náà láàárọ̀, ó ti fìka kan ibi tó dúdú. "Ta ló tẹ̀ka?" "Jẹ́jẹ́ ni, sà." "Mo ṣáà sọ fún yín pé wọn ò mọ̀wé." Ó fi ẹ̀rín gbé e fún aṣàyẹ̀wò.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ gbé ìwé gbọọrọ kan tì í. "Ẹ ò tíì béèrè o, mà, ṣùgbọ́n ìwé kọ́kọ́rọ́ wa nìyí."

Aṣàyẹ̀wò ṣí i dé déètì tí Ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó fìka tẹ̀ lé sáìn Jẹ́jẹ́ láti ìlà kan bọ́ sí èkejì, ó ní, "Ọ̀gá, ọkùnrin tó kọ èyí láago méje àárọ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìka ló tẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, nígbà tó jẹ́ pé ó ku ju oṣù kan lọ kí irin yín tó gé ọwọ́ rẹ̀?"