Orin Ìrọ̀lẹ́ Nílé Bàbá Ọdẹkúnlé

Láti oṣù márùn-ún tí tiransifọ́mà àdúgbò wọn ti jó ní Ayétòrò, ilé kan ṣoṣo ni iná ti ń tàn níbẹ̀: ilé Bàbá Ọdẹkúnlé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìdùnnúolúwa, ló wá láti Èkó, tó to sólà sórí òrùlé fún un. Kò fi mọ síbẹ̀. Ó kó gbogbo orin inú àwo àtijọ́ bàbá rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kan, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ó sì fi wáìfáì so kọ̀ǹpútà náà mọ́ sitẹrió ńlá tí Bàbá rà ní Kútọnu nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì, sitẹrió wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́hùn-ún, kò sí wáyà kankan láàárín wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, orin náà dún dé oríta. Lọ́jọ́ kejì, Ìdùnnúolúwa padà sí Èkó.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá pe aládùúgbò mẹ́ta wá gbọ́ orin: Abdulrauf ọlọ́kadà, Màmá Rodiat tó ń ta gààrí, àti Málọmọ́ káfíńtà. Tàwọn ti fóònù àti ṣájà ni wọ́n dé. Bàbá tẹ kọ̀ǹpútà. Orúkọ orin jáde lójú rẹ̀, iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í fò lójú sitẹrió. Kò sí nǹkan kan tó dún.

Wọ́n wo ara wọn. Bàbá fẹ̀yìn ti àga rẹ̀, ó di ojú, ó ń mi orí.

Wọ́n ti ń fura sí etí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀, èèyàn lè kí i lẹ́ẹ̀mẹta lójú títì kó má dáhùn. Ọjọ́ yẹn ló wá dá wọn lójú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò la ẹnu sọ ọ́ fún ọ̀gá tó kọ́ ìdajì àdúgbò ní A B D? Abdulrauf ló kọ́kọ́ mi orí. Iná fóònù rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá.

"Bàbá, orin yìí mà dùn o!" ó pariwo.

"Orin àwọn tó mọ orin ni," Bàbá dáhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ìrọ̀lẹ́ kankan jẹ mọ́. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó òun tó kọjú sí títì Ìlaròó ti wà ní títì pa pẹ́ jù. Kí oṣù tó parí, òun máa fún ẹnì kan lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá fi ọkàn rere hàn sí òun.

Láti ìgbà náà, ohùn méjì ni wọ́n ń lò nínú pálọ̀ yẹn. Wọ́n ń fi ohùn òkè yin Bàbá, wọ́n ń pè é ní "ẹ̀yin". Wọ́n ń fi ohùn ìsàlẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín, kí ojú Bàbá má baà rí ohun tí etí rẹ̀ kò gbọ́.

"Bó bá ti fún mi báyìí," Abdulrauf wí jẹ́jẹ́, "orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó wà lára ilẹ̀kùn yẹn ni mo máa kọ́kọ́ fi ọ̀dà pa rẹ́."

"Ahun paraku ni ìyàwó ọ̀hún," ni Màmá Rodiat wí, ó ń rẹ́rìn-ín sí Bàbá. "Bó bá ra gààrí kọ́ńgò kan, èènì tó máa gbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kọ́ńgò kejì."

"Ẹ rọra o, ògiri létí," Málọmọ́ wí.

"Ti ilé yìí ti di," Abdulrauf dáhùn.

Ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n. Bàbá la ojú, ó na ọwọ́ sí sitẹrió, ó yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Bó bá ti pọ̀ jù, èèyàn ò ní gbádùn rẹ̀," ó wí. Màmá Rodiat ní láti fi ìborùn bo ẹnu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ewúrẹ́ wọ ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn ilé, ó ń da ìkòkò nù. Bàbá dìde láàárín orin, ó mú igi, ó lọ lé e jáde.

"Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí," Màmá Rodiat wí. "Etí ti lọ, ojú ló kù tó ń lò."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Toyibat wá. Aránṣọ ni, abẹ́ igi máńgòrò ní iwájú ọ̀nà ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí, òjò kan kì í rọ̀ kó má kó aṣọ oníbàárà sá. Fóònù rẹ̀ ló kú. Ó fi í sí iná, ó jókòó, ó wo iná tó ń fò, ó wo àwọn tó ń mi orí. Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ sétí Bàbá.

"Bàbá, kò dún o!" ó ké. "Kò dún rárá! Ẹ̀tàn ni wọ́n ń ṣe!"

Ojú Bàbá le. "Ìwọ ni o ò gbọ́," ó wí. "Padà sídìí iṣẹ́ rẹ."

Toyibat yọ fóònù rẹ̀, ó ní kí Bàbá má bínú, ó jáde. Ó dun àwọn tó kù díẹ̀, ṣùgbọ́n inú wọn dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹyọ kan dín," Málọmọ́ wí.

Ọjọ́ tí oṣù parí, wọ́n tètè dé. Abdulrauf wọ bùbá tí wọ́n lọ̀ kanrin. Wọ́n mi orí fún wákàtí méjì títí ọrùn fi ń ro wọ́n. Orin kan tán, òmíràn bọ́ sójú kọ̀ǹpútà, Bàbá di ojú, kò sọ nǹkan kan nípa ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ bi í, kí arúgbó yìí má sùn mọ́ wa lọ́wọ́," Abdulrauf wí lábẹ́ ẹ̀rín.

"Èmi ò lè pariwo mọ́," Màmá Rodiat wí. "Ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí."

Málọmọ́ kọjú sí sitẹrió, ètè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mì. "Ta ló tiẹ̀ fẹ́ fún gan-an?"

"Toyibat ni," Bàbá dáhùn láìla ojú, ohùn rẹ̀ kò sì ga ju tiwọn lọ, "ó ti gba kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, ẹ dákẹ́ ká gbọ́ orin."