Ìwé Inú Dúrọ́ọ̀

Akọ̀wé báńkì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ ti dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ni fóònù dún. Ọkọ rẹ̀ ni.

"Wọ́n ti fọwọ́ sí ẹ̀yáwó wa?"

"Ọ̀gá fọwọ́ sí i láàárọ̀ yìí. Tètè pe Màmá tó fẹ́ ta ilé fún wa, kó o sọ iye tá a máa san."

Ọjọ́ Ajé ni ìwé ẹ̀yáwó ẹlòmíì dé orí tábìlì rẹ̀, tó sì rí àdírẹ́sì ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ rà níbẹ̀, ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ní láyé wọn. Kò wo orúkọ ẹni tó ni ín; dípò kó gbé e fún ọ̀gá, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀, kí ẹni náà má bàa gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́rin péré, kò lè pa èèyàn.

Fóònù tún dún.

"Màmá ò ta ilé mọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ẹlòmíì ti rà á?"

"Rárá o. Wọ́n fẹ́ ra ilé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn, ẹ̀yáwó ni wọ́n ń retí. Báńkì ò dá wọn lóhùn títí ilé yẹn fi bọ́ lọ́wọ́ wọn lánàá. Wọ́n ní ibo làwọn máa kó lọ." Ó mí kanlẹ̀. "Báńkì yín ni o. Jọ̀ọ́, bá wọn wo ẹni tó dá ìwé ìyá arúgbó dúró."

Obìnrin náà ṣí dúrọ́ọ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ tó wà lókè àdírẹ́sì náà, èyí tí kò dúró kà lọ́jọ́ Ajé: "Ibi tí ẹ ń gbé báyìí."