Aṣọ Tí Wọ́n Fi Bo Ẹ̀rọ Jẹjẹrẹ

"Màmá, ẹ ò lè wọlé!" Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà. "Alága àjọ aláàánú tó ra ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ yìí ò tíì dé. Àwọn ló máa gé ríbọ́nù."

"Láti àárọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àbúrò mi. Ìrora ti fẹ́ pa á."

"Ẹ ṣe sùúrù."

"Ṣé jẹjẹrẹ mọ sùúrù ni?"

Aránṣọ ni obìnrin náà, ládùúgbò Aṣíwání. Òun gan-an ló rán aṣọ ńlá tí wọ́n fi bo ẹ̀rọ ọ̀hún, kò sì gba kọ́bọ̀, torí Roqeebah àbúrò rẹ̀. Ó fa àlùmọ́gàjí yọ nínú báàgì, ó gé ríbọ́nù já, ó ti nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì já wọlé.

Ẹ̀rọ náà rèé láàárín yàrá, ó ga, ó fẹ̀, aṣọ bò ó délẹ̀. Ó fa aṣọ náà kúrò.

Àga oníke ni wọ́n tò léra wọn, tí wọ́n fi okùn dì.

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu.

Roqeebah wọlé lẹ́yìn wọn, ó ti ń tú bọ́tìnnì rẹ̀. "Àǹtí mi," ó pè é wúyẹ́wúyẹ́, "ṣé kí n máa bọ́ aṣọ?"