Ìyá Reuben Tún Ti Dé

Bí Garrod ọlọ́pàá bá wọ ilé ọtí, ẹnu gbogbo èèyàn á wọhò.

Ó ti jagun fún Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Afuganísítánì kó tó wá ṣe ọlọ́pàá abúlé níbí. Òun ló ń mú àwọn tó ń dẹkùn mú ehoro nínú igbó olówó. Ta ló fẹ́ bá a jókòó?

Ìyá Reuben nìkan ló ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ní gbogbo Sátidé.

Ó tún ti dé lónìí. Garrod gba ìborùn rẹ̀, ó bu tíì fún un.

"Ọmọ mi ńkọ́, Garrod? Àwọn ológun ò tíì sọ nǹkan kan?"

"Wọn ò tíì sọ nǹkan kan, Màmá."

Ìyá mu tíì. "Adìyẹ mi ò yé mọ́. Wá bá mi tì í mọ́lé."

Garrod rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ rẹ̀ láti Sátidé tó kọjá nìyẹn.

Ìyá gbé ife kalẹ̀.

"Àlùfáà ní kí n wọ aṣọ ọ̀fọ̀, kí ọkàn mi lè sinmi. Ìwọ náà ti ṣe ṣọ́jà rí. Tó o bá ní ó ti kú, màá gbà. Mi ò ní wá yọ ẹ́ lẹ́nu mọ́."

Garrod wo àga tí ìyá jókòó sí.

"Ẹ jẹ́ kí n tún bá yín béèrè," ó ní. "Ẹ padà wá ní Sátidé."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn ìyá títí ìyá fi kọjá ṣọ́ọ̀ṣì.

Abúlé yìí gan-an ni Garrod bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun wá, kó lè sọ fún ìyá yìí pé ọwọ́ òun ni Reuben kú sí lójú ogun, òun náà ló sì sin ín.