Kásẹ́ẹ̀tì Tó Wà Láàárín Ìwé Bàbá

Olùtọ́jú àwọn ìwé tí akọ̀ròyìn kan fi sílẹ̀ nígbà tó kú ti kásẹ́ẹ̀tì kan bọ inú ẹ̀rọ.

"Àǹtí, ilé yín ni bàbá yín ti ń bi Ààrẹ léèrè ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì yìí. Ẹ má sunkún sórí ẹ̀rọ mi o, wọn ò ní ra òmíràn!"

Ọmọ akọ̀ròyìn rẹ́rìn-ín. Ohùn bàbá rẹ̀ ló wá gbọ́.

Ẹnìkan ń gbá ilẹ̀kùn nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ohùn ìyá rẹ̀ ni: "Bàbá ọmọ mi, ọmọ ò mí dáadáa mọ́! Ẹ wá gbé wa lọ sọ́sibítù!"

Ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ kú nìyẹn. Bàbá ti búra pé ìyá ò ké sí òun rárá. Ọmọbìnrin yìí gba bàbá gbọ́, ó sì di ẹ̀bi ikú náà ru ìyá, débi pé kò tẹsẹ̀ síbi ìsìnkú ìyá rẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan?" Ààrẹ béèrè nínú kásẹ́ẹ̀tì.

"Kò sí, sà," bàbá rẹ̀ dáhùn. "Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ."